Àpótí Ohùn Orí Tẹlifíṣọ̀n Màmá Akíndúró

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

Ìbéèrè tí Bàbá Akíndúró kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo wọ pálọ̀ wọn ní Bódìjà.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Rédíò bàbá mi ni mo ń tú, títí ó fi sú wọn láti máa nà mí."

Wọ́n na etí ọ̀tún sí mi. Mo tún un sọ. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Etí yẹn gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí láti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Ṣàngó. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, etí wọn náà sì fẹ́ fẹ̀yìn tì tẹ̀lé wọn. Lọ́dún 1996 yẹn, Tiwalọlá, ọmọ wọn obìnrin tó wà nílùú òyìnbó, fi ámúpílífáyà ńlá kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú sípíkà mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn àga, kí ilé lè dà bíi sinimá. Ṣùgbọ́n sípíkà karùn-ún, èyí tó yẹ kó wà láàárín, lórí tẹlifíṣọ̀n, kò bá wọn wá. Òun gan-an sì ni ẹ̀rọ náà máa ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu fún. Orin ń dún, ìbọn ń dún, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá la ẹnu, kẹ́kẹ́ pa. Mo yí ẹ̀rọ náà kí ọ̀rọ̀ lè bá orin jáde pọ̀. Èmi gbọ́, Màmá ìyàwó wọn gbọ́, etí Bàbá kò rí ọ̀rọ̀ ṣà kúrò nínú orin.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìgbéyàwó Tiwalọlá ló ń ká Bàbá lára. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ síbi ìgbéyàwó náà. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ọmọ dìde, ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, duru sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ti wò ó nígbà mọ́kànlá. Wọn kò tíì gbọ́ gbólóhùn kan.

"Ẹ jẹ́ kí Màmá sọ ohun tí ọmọ yín wí fún yín," ni mo wí.

"Ṣé èmi ni Tiwalọlá?" ni Màmá dá mi lóhùn. "Mo ti sọ ọ́ títí. Wọ́n ní ẹnu ọmọ àwọn làwọn ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Mo ní màá kan sípíkà àárín yẹn fúnra mi. Màmá nàka sí tẹlifíṣọ̀n tó wà lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Òun ni wọ́n rà lọ́dún tí wọ́n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Tèmi nìyẹn o. Ohunkóhun tó bá ṣe é, ìwọ lo ṣe é."

"Màmá, bó bá bàjẹ́, ẹ wá gbé tèmi ní ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rántí.

Mo lọ bá Bùsàrí ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń ta ògbólógbòó sípíkà. Níbẹ̀ yẹn, a kì í fi etí ra sípíkà, apá la fi ń rà á. Tí o bá gbé e tó wúwo, a jẹ́ pé òòfà ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, tóbi, sípíkà gidi nìyẹn.

"Gbé e wò, àǹtí!" ni Bùsàrí ń pariwo. "Bí apá rẹ bá ní kò wúwo, gbé e jù sí mi lójú!"

"Ojú rẹ ti burú tó, n ò ní fi kún un." Mo gbé méjì tó wúwo bí ọmọ odó, mo mú kékeré kan fún ohùn tín-ín-rín. Mo ra pákó tó ki ní ọjà pákó Bódìjà. N kò gbé e fún káfíńtà, torí pé káfíńtà yóò kan kọ́bọ́ọ̀dù fún mi. Mo ṣe àpótí náà gbọọrọ kó lè nà gbalaja lórí tẹlifíṣọ̀n: kékeré láàárín, àgbà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé rẹ̀, mo ki fóòmù sínú kó má baà máa dún bí agolo. Nígbà tí mo fi ìròyìn àárọ̀ orí rédíò dán an wò, bíi pé oníròyìn jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi ni.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo gbé e ka orí tẹlifíṣọ̀n Màmá. Tiwalọlá dìde nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó la ẹnu.

"Mo gbọ́!" Bàbá fò sókè. "Ó ní 'Ẹ̀yin òbí mi'!"

Màmá figbe ta. Aṣọ funfun ìyàwó ti di àwọ̀ ewé lápá kan, elésè àlùkò lápá kejì. Ojú ọkọ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n pa láró. Mo yára gbé àpótí kúrò. Àbàwọ́n náà kò kúrò.

"O ti pa á," ni Màmá wí jẹ́ẹ́. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo.

Ṣé ẹ rí mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tí gbogbo Dùgbẹ̀ ń fi apá wá kiri yẹn? Ó ti fa àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n kúrò ní àyè rẹ̀. Rédíò nìkan ni mo fi dán àpótí wò. Kò sí ìgbà kankan tí mo rántí pé orí tẹlifíṣọ̀n ló ń lọ.

Mo wá rántí ohun kan. Tí a bá tan tẹlifíṣọ̀n tó ti tutù, ó máa ń kùn "hùùn" lẹ́ẹ̀kan. Wáyà kan tó yí ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ká ló ń gbá irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tutù ná. Mo pa á, mo ní kí a dúró fún ìdajì wákàtí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Màmá bi mí.

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ náà ló ní bó bá bàjẹ́, kí n wá gbé tìrẹ."

Màmá jókòó kọjú sí mi, wọn kò fi omi lọ̀ mí. Bàbá ní tiwọn ń rẹ́rìn-ín: "Ó ní 'Ẹ̀yin òbí mi.' Mo gbọ́ ọ ketekete."

Mo tan án. Hùùn. Àwọ̀ ewé ti lọ, elésè àlùkò kù díẹ̀ ní igun. A tún pa á, a tún dúró. Lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ ìyàwó funfun báláú. Mo mí kanlẹ̀, ojú tì mí pé ó dún tó bẹ́ẹ̀.

"Gbé àpótí rẹ jáde nílé mi," ni Màmá wí.

"Àpótí yẹn ń padà bọ̀," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo ní gbólóhùn tó kù níbẹ̀."

Mo padà sọ́dọ̀ Bùsàrí, mo ní kó fún mi ní sípíkà méjì tó ti kú.

"Kí lo fẹ́ fi òkú ṣe?"

"Mo fẹ́ fi mú alààyè."

Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì wọn, kí wọ́n lè ká àwọn tó wà nínú àpótí mi lọ́wọ́ kò. Mo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ń ti èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà mi sẹ́yìn, bí orogún tí wọ́n ní kó jókòó ti orogún. Ibi tí wọ́n ti kọ ara wọn yẹn gan-an ni mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra, mo fi rọ́bà táyà dè wọ́n pinpin títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Mo so abẹ́rẹ́ mọ́ òwú, mo fà á kọjá lórí àpótí. Tẹ́lẹ̀, ìbá ti sáré lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Báyìí, ó kàn rọ̀ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, orí tẹlifíṣọ̀n tèmi ni mo kọ́kọ́ gbé e kà. Àwọ̀ kò yí.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, mo tún gbé e dé Bódìjà. Màmá dúró ti súìṣì, ọwọ́ wọn wà lórí rẹ̀. Mo sọ àpótí kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ẹyin. Aṣọ ìyàwó funfun. Tiwalọlá dìde, aṣọ ṣì funfun. Ó la ẹnu:

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ ṣé. Bàbá mi, tí mo bá pẹ́ dé láti ilé ìwé, ẹ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí, ẹ óò ṣe bíi pé ìwé ìròyìn lẹ̀ ń kà. Mo mọ̀ pé ẹ kì í kà á."

Bàbá yí ojú sí Màmá. "Ó mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Ti àná lẹ máa ń mú dání."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Màmá mú ọwọ́ kúrò lórí súìṣì, wọ́n sì wá àga tiwọn náà.