Ìlà Tí Mo Yọ Kúrò

“Ẹni tí kò bá ra ọjà wa, owó rẹ̀ kò ní sùn mọ́jú lápò wa.”

Ọ̀gá wa ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́. Mo pàtẹ́wọ́. Géèmù là ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: oníbàárà á fi káàdì sanwó, àwa á fi kóòdù tó ń ṣí géèmù ránṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti dá báǹkì lóhùn nígbà tí oníkáàdì bá ní òun kọ́ ló rajà, kí wọ́n dá owó òun padà.

Lóṣù tó kọjá, ẹjọ́ pọ̀. Bí a bá tún jẹ̀bi ẹyọ méjì péré, báǹkì kò ní bá wa gbowó mọ́. Ìgbà náà ni ìyá aránṣọ kan pè mí.

“Ọmọ mi, wọ́n ní mo ra géèmù ogun mọ́kànlá. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Abẹ́rẹ́ lásán, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́ lójú.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

“Owó ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ni o. Má jẹ́ ó gbé.”

“Kò ní gbé, Mà.”

Mo yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ìlà mẹ́rin ni. Orúkọ bá ti káàdì mu. Àdírẹ́sì bá a mu. Wọ́n ti lo kóòdù. Ìlà kẹrin sọ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni ẹni tó rà á wà.

Ọ̀gá dúró lẹ́yìn àga mi. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìlà mẹ́ta ti tó ẹ̀rí.”

“Sà, ẹ̀yin lẹ sọ pé...”

“Mo mọ ohun tí mo sọ. Àbí o fẹ́ padà sílé lọ máa fi sáàtífíkéètì fẹ́ ara ẹ?”

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọn ò sọ ibi tí owó oṣù wà láàárín méjèèjì. Mo yọ ìlà kẹrin, mo sì kọ lẹ́tà tí kò ní àṣìṣe kankan. Báǹkì dá wa láre.

Ìyá náà tún pè. Kò bú mi.

“Wọ́n ka lẹ́tà yín fún mi. Ẹni tó kọ ọ́ kàwé o. Ṣé ìwọ ni?”

“Rárá, Mà.”

Nípàdé, Ọ̀gá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ìyá náà kò ra ọjà wa. Owó rẹ̀ wà lápò wa.