Lẹ́tà Kóòtù Tí Nolvia Fi Pamọ́

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé, orúkọ Dilcia ló sì wà lára rẹ̀. Nolvia rí òǹtẹ̀ kóòtù imigiréṣọ̀n lára àpòòwé, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe lẹ́tà téèyàn ń fi ṣeré. Ó gbé e wọlé, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun máa pe Dilcia.

Ọ̀la yẹn ò dé o.

Kẹ́ ẹ tó máa bú u, ẹ jẹ́ n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Abúlé kan náà làwọn obìnrin méjèèjì ti wá ní Honduras. Dilcia ló gbé Keilin, ọmọ Nolvia, lọ́wọ́ níbi ìrìbọmi, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pe ara wọn ní komadre. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ Amẹ́ríkà. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí lẹ́nu ibodè nígbà tí wọ́n ń fún wọn ní nọ́ńbà ẹjọ́. Mẹ́fà ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà Dilcia, méje ló gbẹ̀yìn ti Nolvia. Ká ní Nolvia ò bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà Keilin ni, òun ni ì bá kọ́kọ́ dìde. Ọdún mẹ́ta rèé, ọ̀rọ̀ okùn bàtà yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Adájọ́ ló fà á. Ní kóòtù ìlú tí wọ́n ń gbé, adájọ́ méjì ni gbogbo ará Honduras mọ̀. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin àgbàlagbà tó máa ń béèrè bóyá èèyàn ti mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Màmá ni wọ́n ń pè é. Èkejì ni Bàbá Rárá, ẹ sì ti mọ ohun tó máa ń sọ. Dilcia bọ́ sọ́wọ́ Màmá. Nolvia bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Rárá. Nolvia gbà pé nọ́ńbà yẹn ló pín wọn níyà, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lérò padà.

Àtìgbà yẹn ni nǹkan Dilcia ti ń lọ geere. Ó ti níwèé iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Nolvia ṣì ń tọrọ tirẹ̀. Ó ríṣẹ́ sí ilé ìdáná iléèwé kan. Ó fẹ́ Wilmer, ọkùnrin tó ní ọkọ̀, tó tún mọ iṣẹ́ káfíńtà. Nínú oṣù Kẹta, ó kó kúrò nínú yàrá méjì táwọn méjèèjì jọ ń gbé, ó lọ sí ilé tó ní àgbàlá. Àgbàlá o! Nolvia ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí, ó ń gbọ́ ìkọ́ aládùúgbò láti ara ògiri.

Nígbà tí Dilcia kó lọ, ó lọ sí ọ́fíìsì táwọn ọlọ́pàá imigiréṣọ̀n ti ń ní kí wọ́n wá fara hàn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, ó padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó rò pé ó tán. Ṣebí ìjọba kan náà ni? Ta ló sọ fún un pé kóòtù dá dúró, pé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, àti pé ọjọ́ márùn-ún péré lèèyàn ní láti fi ránṣẹ́? Nolvia mọ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún un lójú fèrèsé kóòtù nígbà kan rí. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, ó pe nọ́ńbà kóòtù. Ẹ̀rọ ló máa ń dáhùn. Ó kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà tirẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kankan. Ó tún pè, ó fi mẹ́fà rọ́pò méje. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì nìyẹn. Inú bí Nolvia. Wọ́n tún ti pe Dilcia ṣáájú òun! Owú mú un gan-an. Ó sì mọ ohun tí gbogbo wọn mọ̀: ẹni tí kò bá yọjú lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n á dájọ́ lẹ́yìn ẹ̀ pé kó padà sí ìlú tó ti wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Dilcia dé pẹ̀lú baleada gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń ká ẹ̀wà sí, tó fi aṣọ dì.

"Komadre, ṣé oorun lò ń sùn ni? Ṣílẹ̀kùn, ó ń jó mi lọ́wọ́!"

"Ta ló ní kó o gbé iná wá?"

"Ebi tó ń pa ẹ́ ló rán mi níṣẹ́. Wo bó o ṣe rù! Àbí Bàbá Rárá ti ń jẹ ẹ́ lẹ́ran?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ti Nolvia ò dénú. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ Màmá náà ló lè fi Bàbá Rárá ṣàwàdà.

"Kóòtù tìẹ ńkọ́?" Nolvia béèrè. "Wọn ò tíì pè ẹ́?"

"Wọn ò tíì kọ̀wé. Ṣebí mo ti fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì mi. Wọ́n á kọ̀wé tó bá yá."

Nolvia lanu. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀. Ìgbà náà ni Dilcia ní, "Wilmer fẹ́ kan yàrá kẹta fún màmá mi. Ó ní ẹjọ́ mi ò ní pẹ́ yanjú. Ìwọ náà fọkàn balẹ̀, tìẹ á dáa, bó pẹ́ bó yá."

Bó pẹ́ bó yá! Nolvia pa ẹnu dé. Ó sì jẹ baleada náà tán pátápátá. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tó lẹ́nu, tó sì ń fi jẹ oúnjẹ ẹni tí òun ń jowú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nolvia wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kóòtù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ẹjọ́ òun lójú fèrèsé ni. Irọ́ ni. Ó bọ́ bẹ́líìtì fún àwọn ẹ̀ṣọ́, ó wọ lífìtì, kò tiẹ̀ wo fèrèsé náà. Ìwé orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà Màmá ló ń wá. Orúkọ Dilcia ló ṣìkẹfà. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó fẹ́ kí adájọ́ yẹn bínú sí Dilcia lójú òun, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó gbé e débẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n pe orúkọ kẹfà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Akọ̀wé lọ pè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó padà lóun nìkan. Lọ́yà ìjọba dìde, ó ní wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́wọ́ kóòtù, kí adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n dá obìnrin náà padà.

Màmá ò bínú. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó fa ìwé kan sọ́dọ̀, ó sì mú bírò.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó mọ obìnrin yìí?" ni adájọ́ béèrè. Ògbufọ̀ tún un sọ ní èdè wọn.

Nolvia ti dìde kó tó mọ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ṣé ó mọ̀ pé òní ni ẹjọ́ rẹ̀?"

"Kò mọ̀. Ilé mi ni lẹ́tà ẹ̀ wá. Mi ò fún un."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fún un?"

"Mò ń jowú ẹ̀ ni, mà."

Ògbufọ̀ yíjú wò ó. "Arábìnrin, ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó sọ ọ́. Àwọn tó jókòó níwájú yí ọrùn wá wo Nolvia. Adájọ́ wo aago. "Ẹjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Tó bá dé kí n tó parí wọn, màá gbọ́ tirẹ̀. Ẹ lọ pè é."

Nolvia pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, Dilcia sì gbé fóònù kíá. Ìkòkò ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Dilcia, kóòtù ni mo wà, ó ní —"

"Kóòtù? Yéè! Kí ni Bàbá Rárá tún ṣe fún ẹ? Ṣé wọ́n ti mú ẹ? Keilin ńkọ́?"

"Gbọ́ ná, èmi kọ́ —"

"Má fọwọ́ síwèé kankan! Ṣé o gbọ́? Mo ti bọ́ épíròónù. Ẹ jẹ́ n kọjá, ẹ jọ̀ọ́, komadre mi wà nínú wàhálà! Nolvia, ibo gan-an lo wà nínú kóòtù náà?"

"Àjà kẹrin. Dilcia —"

"Ogún ìṣẹ́jú. Má sunkún níwájú wọn. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní nǹkan kan, sọ fún wọn pé ẹni tó máa dúró fún ẹ ń bọ̀." Ó pa fóònù.

Nolvia dúró síbẹ̀. Dilcia á dé lásìkò, kò tiẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó máa sáré. Owú tún dé, ó mú un ju ti ilé lọ, ó mú un ju ti adájọ́ lọ. Ká ní òun ni wọ́n pè báyìí lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ̀ dájúdájú pé òun á kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà tó nǹkan téèyàn ń torí ẹ̀ pàdánù owó ọjọ́ kan. Ó lọ dúró níwájú lífìtì, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ.