Páìpù Ẹ̀yìn Ògiri Àbúrò

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ń kó ìdọ̀tí nínú odò tó la àdúgbò wọn kọjá. Ó ti fẹ̀yìn tì kó tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn méje ló máa ń pàdé láàárọ̀ Sátidé, tàwọn ti bàtà rọ́bà. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó ku kẹ́ ẹ fi pàúdà pa odò yìí lára!"

Lọ́dún kẹrin, ẹja padà wá. Wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Káfíńtà jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Sátidé kan ni wọ́n dé etí odò tí gbogbo ẹja léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Omi ń rùn tó ń ta ni nímú. Káfíńtà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti kó wọn. Kó tó dọ̀sán, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló fi báńdéèjì wé e.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun nìkan tọ ipa omi lọ sókè. Ó kọjá abẹ́ afárá, ó gba ẹ̀yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì, títí ó fi rí páìpù kan tó yọ nínú ògiri, tó ń pọ omi ásíìdì. Ó gbójú sókè. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: ilé iṣẹ́ bátìrì àbúrò rẹ̀ ni. Àbúrò tí ìyá wọn kú fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí òun gbé pọ̀n, tí òun fi owó oṣù òun kọ́ níṣẹ́.

Ó gba iwájú wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wá jókòó."

"Mi ò jókòó. Ta ló fa páìpù sínú odò?"

Àbúrò ti ilẹ̀kùn. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Omi tá a fi ń fọ bátìrì lásán ni."

"Omi lásán ló bó Káfíńtà lọ́wọ́ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Èèyàn mọ́kànlélógún ló ń jẹun níbí, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹja lẹ fẹ́ fi wé wọn?"

"Dí i. Mo fún ẹ lọ́sẹ̀ kan."

"Mo ti gbọ́, màmá mi." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè é tó bá fẹ́ tàn án.

Ọ̀sẹ̀ kan pé, omi ṣì ń dà. Fún ọjọ́ méjì, Ìyá Nọ́ọ̀sì ń padà lọ wo páìpù náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìmọ́tótó, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n wá ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ìyàwó àbúrò ló kọ́kọ́ wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. "Ó ní kí n sọ fún yín pé ìyá òun ti kú tipẹ́, òun ò ní òmíràn."

Káfíńtà ló tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn mọ́kànlélógún náà. Ìyá Nọ́ọ̀sì ò mọ̀.

"Ẹ ò ṣe bi mí?" Káfíńtà ní.

"Tí mo bá bi yín, kí lẹ máa sọ?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò tíì jinná. "Màá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ bò ó."

Kò wá ní Sátidé mọ́. Àwọn mẹ́ta mìíràn náà ò wá.

Àbúrò ta ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó rà á mọ àwọn tó yẹ kó mọ̀. Kò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n fi ṣí i, wọ́n sì ri páìpù mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ afárá, níbi tójú ò tó. Ìyá Nọ́ọ̀sì tún gbé lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ìmọ́tótó. Akọ̀wé tó gbà á ò tiẹ̀ tú u.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ̀yin nìkan lodò yìí ń dùn. Ẹ lọ sinmi nílé, kẹ́ ẹ máa bá àwọn ẹbí yín ṣeré."

Ìyá Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.