Ìgbì Tí Ọ̀gá Mi Gé Dànù

Aago mẹ́ta ti lù. Ní aago mẹ́rin, ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Halvor, yóò fi àpilẹ̀kọ wa ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ èmi Olúwaṣọlá wà lórí rẹ̀, àṣìṣe ńlá sì wà nínú rẹ̀. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé wa n'Ìkẹ́rẹ́ bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

"Ṣọlá, kòkó mi lo ń tẹ̀ yẹn!" Màámi pariwo. "Kí ló lé ọ jáde nínú ulé?"

Mo sọ fún wọn. Ní Nọ́wè tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kí n tó wálé fún ìsinmi, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan máa ń jó lójú ọ̀run. A yin rọ́kẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀. Ó bá àwọn èérún afẹ́fẹ́ tó ní iná mànàmáná lára, tí wọ́n ń sáré gòkè lọ sí òfurufú. Ìgbì kan tó ń bì lójú ọ̀run bí ti òkun ló ń tì wọ́n, bí a ṣe ń ti ọmọ lórí jangilófà: bó bá ti yí dé, a tún tì í, títí yóò fi fò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi rò pé ariwo ẹ̀rọ lásán ni ìgbì náà. Wọ́n gé e dànù, wọ́n wá kọ ọ́ pé kò sí ìgbì kankan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti rí i nínú àkọsílẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà pé ìgbì gidi ni. Wọ́n dàgbà ju bàbá mi lọ! Ẹnu wo ni n óò fi sọ pé wọ́n ṣì í? Inú ara mi ń bí mi.

Màámi fi igi tí wọ́n fi ń yí kòkó sílẹ̀. "A kì í fi ọ̀wọ̀ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Kúnlẹ̀, kí o sọ ọ́."

"Fóònù ni n óò kúnlẹ̀ fún?"

"Kúnlẹ̀ ni mo wí."

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná, mo pè wọ́n lórí fídíò. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ láìmí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wá ìgbì náà. Àfi bí Màámi ṣe kúnlẹ̀ tì mí, tí wọ́n ń ra ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú fóònù.

"Bàbá, ẹ dákun, ọmọdé ni. Ẹ má bínú sí i."

"Kí ni ìyá rẹ ń sọ?" Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

"Wọ́n ń bá mi bẹ̀ yín ni, sà."

"Bẹ̀ mí kẹ̀? Èmi ni mo ṣì í. Mo ti dá àpilẹ̀kọ náà dúró. Jọ̀ọ́, má bínú. Bá mi bẹ ìyá rẹ pẹ̀lú."

Omi bọ́ lójú mi. Màámi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Kí ni bàbá wí?"

"Wọ́n ní àwọn ni àwọn jẹ̀bi. Wọ́n ní ká má bínú."

Màámi wo fóònù, wọ́n wò mí. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ṣì wà.

"Àgbàlagbà? Ṣọlá, tún bi wọ́n. Bóyá o kò gbọ́ wọn dáadáa."