Ìbéèrè Karùn-ún

Ìwé àkàyé tí Tíṣà ń kọ tà kì í pẹ́ tán. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọmọ tí kì í fẹ́ fojú kan ìwé pàápàá yóò ka tirẹ̀, yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Àṣírí rẹ̀ kò le: ọkọ rẹ̀ ló ń fi ṣe ìtàn. Káfíńtà ni ọkọ ọ̀hún, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ nǹkan ẹ̀rín kì í wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ ka àyọkà kọ̀ọ̀kan kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Yóò mú pẹ́ńsù tó fi ń sàmì sí pákó, yóò dáhùn gbogbo ìbéèrè, kí Tíṣà lè mọ̀ bóyá ó yé èèyàn.

Ní Sátidé kan, àyọkà tuntun dé. Káfíńtà kan sáré jáde nílé, ó wọ bàtà tirẹ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó wọ ti ìyàwó rẹ̀ sí tòsì, gbogbo àdúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè karùn-ún ní: "Irú èèyàn wo ni káfíńtà yìí?" Ọkọ kọ ọ́ pé: "Ẹni tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀."

Tíṣà fi bírò pupa fa igi lé e lórí. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó rántí pé ọkọ òun lòun ń máàkì.

"Onígbàgbé ni ìdáhùn. Èyí tí ẹ kọ yìí ò sí nínú àyọkà."

"Ó dáa," ni ọkọ wí. Ó gbé ayùn rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé.

"Ó dáa" yẹn ò dáa rárá. Tíṣà pè é wá jẹun, ó ní ebi ò pa òun. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àbí òun ti ń fi ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ tà káàkiri ni? Ó dùn ún gan-an, torí kò sí ẹni tó fẹ́ràn láyé tó ọkùnrin náà.

Ó jókòó, ó tún àyọkà rẹ̀ kà. Ó dé ìlà kẹta: ọkùnrin náà ń sáré torí ìyàwó rẹ̀ gbàgbé awò ojú sílé, kò sì lè kọ́ ọmọ láìsí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó kàn ń kánjú lọ síbi tí ẹ̀rín wà ni. Olùkọ́ àkàyé tí kò ní àkàyé!

Ó pa ìdáhùn tirẹ̀ rẹ́, ó kọ ti ọkọ rọ́pò, ó sì gbé ìwé náà lọ bá a.

"Olówó orí mi, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣì í, ẹ̀yin lẹ gbà á. Ìlà kẹta lẹ ti rí i, àbí?"

Ọkọ wo ìwé, ó wo ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìlà wo? Ṣé dandan ni kí n kà á ni? Ṣebí èmi ni mo sáré."