Bàtà Olùkọ́ Dé Erékùṣù Ẹyẹ

Bàtà ọkọ rẹ̀ ló wọ̀. Ó fi àjákù aṣọ dí iwájú wọn kí wọ́n má baà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Olùkọ́ ni ọkọ náà. Àwọn erékùṣù ẹyẹ tí obìnrin náà ń lọ yìí ló máa ń yà sójú pátákó fáwọn ọmọ: níbi tí ìjàpá ti tóbi ju àga lọ, tí ẹyẹ kò sì bẹ̀rù èèyàn. "A jọ máa lọ ni," ni ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ikú kò jẹ́. Ni opó bá bù lára erùpẹ̀ orí sàréè rẹ̀, ó dì í sínú aṣọ ìnujú, kí olùkọ́ náà lè dé ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Ní èbúté, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ erékùṣù ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ bàtà àlejò, ó sì ń tú àpò wọn.

"Ìyá, kí nìyí?"

"Ọkọ mi ni."

Ọmọbìnrin náà tú ìdì náà wò, ó sì dì í padà. "Ẹ má bínú, Ìyá. Erùpẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé. Àìsàn tó bá bá a wọlé lè pa àwọn ẹyẹ wa tán. Ì báà ṣe ti bàbá tó bí mi."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Omi lé ròrò sójú opó. Lójijì ni ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀. "Ìwà ọkọ mi gan-an nìyẹn! Bí ọmọ bá fẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ kíláàsì, ilé ló ń padà sí. Èmi aya wọn gan-an ò mórí bọ́."

"Ẹ gbé wọn wá," ni atukọ̀ tó gbé opó wá wí. "Èmi àti bàbá á jọ máa ṣọ́ ọkọ̀."

Opó gbé ìdì náà fún un. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ síbi bàtà.

"Bàtà ọkùnrin lẹ wọ̀, Ìyá."

"Tiwọn ni."

Láti ìgbà náà, ó rọra ń fọ ọ́, bí ẹni pé ẹsẹ̀ aláìsàn ló wà níbẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ yọ iyanrìn tó há sí ojú rírán. "Èyí lè wọlé," ni ó wí.

Lórí àpáta kan ní erékùṣù náà, ẹyẹ kan ń jó fún ìyàwó rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí èyí tó ti inú ìkòkò aró jáde: ó gbé ọ̀tún, ó gbé òsì. Nígbà tó jó tán, ó rọra rìn wá bá opó, ó wo bàtà náà, ó fi ẹnu fa okùn rẹ̀ títí ó fi tú.

Opó kò mira.

"Ẹ kú àbọ̀, olùkọ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kò so okùn náà mọ́ títí ó fi padà sínú ọkọ̀.