Ẹ̀rọ Tó Mọ Ọ̀nà Ilé

Omi ọ̀sà ti dé orúnkún nínú ṣọ́ọ̀bù Lúkúmọ́nù, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń tà ń léfòó kiri bí igbá òfìfo, oòrùn sì ń wọlé láti ibi tó yẹ kí òrùlé wà. Mùdáṣírù mọ̀ pé àlá ni. Ìyẹn ò dín ìbínú rẹ̀ kù rárá, nítorí Tìámíyù, bàbá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, ló jókòó sórí káńtà, tó ń fi òrí pa ìdí òjé.

Iṣẹ́ tí bàbá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Á so òjé mọ́ okùn tó ní kókó, á sọ ọ́ sómi. Kókó okùn á sọ bí omi ṣe jìn tó. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ òrí náà, ì báà ṣe yanrìn tàbí ẹrẹ̀, á jẹ́ kó mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Kò sí apẹja tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ l'Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí kùrukùru bo ọ̀sà, okùn já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yí kiri títí ọkọ̀ fi kọlu kùkùté, ó fi orí gbá etí ọkọ̀, ó sì bọ́ sómi, nítòsí èbúté ilé wọn. Kó tó kú, ọdún méjì gbáko ni Mùdáṣírù fi bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ra ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn lórí omi, tàbí èyí tó ń fi ẹja hàn lábẹ́ ọkọ̀. Bàbá ní ọmọ òun ti ya ọ̀lẹ.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá lórí káńtà báyìí, àwọn kan náà tí Lúkúmọ́nù fi han Mùdáṣírù láàárọ̀. Èyí ńlá ń fi ẹja hàn ní oríṣiríṣi àwọ̀, àmọ́ kì í tọ́jú ipa ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà. Èyí kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹja, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá gbà ló ń fa ìlà sí, kí èèyàn lè tọ̀ ọ́ padà sílé. Ńlá ni Mùdáṣírù ní òun á gbé lọ́la. Ó fẹ́ kí gbogbo èbúté rí i pé òun ti kúrò nídìí okùn.

Bàbá sọ òjé sílẹ̀, ó fà á sókè, ó wo ìdí rẹ̀. Ó wá rọra bi ọmọ rẹ̀ pé èwo ló fẹ́ mú.

"Kí ló kàn yín ńbẹ̀?" Mùdáṣírù ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí láyé. "Ẹ fi mí ṣẹ̀sín lójú àwọn èèyàn, ẹ wá lọ kú sẹ́nu ọ̀nà ilé. Èmi ni mo wọ́ yín jáde nínú omi, Bàbá."

Bàbá nu òrí ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Mo ṣàṣìṣe, Mùdá," ó wí. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹja ò kún ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà ni?"

Ó kún. Mùdáṣírù fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ọ̀bọ̀kún náà kúrò, tí wọ́n ṣì ń ta pọ́rọ́pọ́rọ́. Kó tó lanu, bàbá ti fi ìka kan ti ẹ̀rọ kékeré sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó sì wọ́ odò jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Ìpè àdúrà ìrọ̀lẹ́ ló jí i lórí ẹní. Wúlémọ̀tù ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ló ń bá jà lójú oorun. Fóònù ni Mùdáṣírù gbé, ó sì sọ fún Lúkúmọ́nù pé kékeré lòun máa mú. Ìyẹn takú, ó ní ojú ẹ̀rọ yẹn ò mú tó láti rí ẹja.

"Bàbá mi ò kú nítorí àìrí ẹja," Mùdáṣírù wí. "Bá mi gbé èyí tó mọ ọ̀nà ilé sílẹ̀ dè mí."

Ó pa fóònù. Inú ṣì ń bí i. Bàbá yìí tún ti sọ òótọ́ fún un, ó sì tún ti lọ kó tó ráyè dá a lóhùn.